Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Tí Kò Kọ́lé

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Nítorí náà, ìwọ ọmọ tí o ń ka ìwé yìí, má ṣe jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu pé èmi tí mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún márùndínlógójì, tí mo sì jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fún méjìdínlógún nínú wọn, ni mo fẹ́ fi àṣìṣe ara mi kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ lónìí. Kò wọ́pọ̀ kí olùkọ́ dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kí ó sì wí pé, “Mo ṣìṣe.” Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí mo fi kú, a jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1998, mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú kékeré kan ní agbègbè Òkè-Ògùn. Olùkọ́ kò tó ní ilé-ẹ̀kọ́ wa nígbà náà, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ìṣirò. Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí ó máa ń jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé. Kì í ṣe aláriwo, kì í sì í ṣe olóríkunkun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í gbé inú kíláàsì. Wáyà iná kọjá níwájú fèrèsé náà, orí rẹ̀ ni àwọn ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sì máa ń bà lé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ sì ń sún mọ́ ilé. Àwọn ni ọmọ yìí ń wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń ṣe ìṣirò lára pátákó, mo bojú wẹ̀yìn, mo sì rí i tí ó ń kọ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni n kò tí ì ní kí ẹnikẹ́ni kọ ohunkóhun. Mo pàṣẹ pé kí ó mú ìwé rẹ̀ wá. Iwájú ìwé náà jẹ́ ti ìṣirò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i láti ẹ̀yìn, mo bá ojú ewé mẹ́fà tí ó fa ìlà sí tínrín-tínrín. Ó kọ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí àwọn ẹyẹ náà lórí wáyà ní ọdún 1996, ní 1997 àti ní 1998. Ó kọ ọjọ́ tí ó rí èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó kọ iye tí ó kà. Ó sì ya àwòrán ẹyẹ méjì tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, àfi pé ọ̀kan ní ọ̀já dúdú tí ó gba àyà rẹ̀ kọjá láìjá, tí ọ̀já ti èkejì sì já ní àárín.

Mo bi í pé, “Kí ni èyí?”

Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, irú méjì ni wọ́n. Àwọn tí ọ̀já wọn já ni wọ́n ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa. Àwọn tí ọ̀já wọn kò já kì í kọ́lé rárá. Wọ́n kàn ń wá, wọ́n sì ń lọ ni. Sà, níbo ni àwọn yẹn ń yé ẹyin sí?”

Òǹkàwé mi, n kò mọ̀. Ọdún 39 ni mo ti lò láyé nígbà náà, mo ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo sì ti gbé nínú ilé tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń kọ́lé sábẹ́ òrùlé rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọwọ́, síbẹ̀ n kò kíyè sí i rí pé irú méjì ni wọ́n. Ogójì ọmọ ń wò mí lẹ́nu. Ó yẹ kí n wí pé, “N kò mọ̀ o, ọmọ mi. Jẹ́ kí a jọ wádìí rẹ̀.” Gbólóhùn yìí kò wúwo, ṣùgbọ́n ìgbéraga di ọ̀nà ọ̀fun mi. Dípò rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, mo ní, “Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ: alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí kò kọ́lé! Irú ọ̀lẹ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń wo òde nígbà ìṣirò.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo fa ojú ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ya, mo rún wọn mọ́ ọwọ́, mo sọ wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù, mo sì na ọmọ náà ní pàṣán mẹ́fà, ọ̀kan fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní “Kò-Kọ́lé.” Ọmọ náà kò wo òde mọ́. Èmi sì padà sí ọ́fíìsì mi, mo rò pé mo ti tọ́ ọmọ sọ́nà.

Ẹyin ni ohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá kí n tó mọ ohun tí mo fọ́.

Ní ọdún 2023, ọmọbìnrin mi tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ òun. Ilé rẹ̀ wà ní Dover, ìlú etíkun kan ní agbègbè Kent. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni mo dé ibẹ̀, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wọ ìgbà ìwọ́wé, tí oòrùn ń dín kù, tí ewé igi sì ń pọ́n kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀. Ní òwúrọ̀, ọmọ mi a lọ sí ibi iṣẹ́, ilé a sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tí ó ti fi ọdún márùndínlógójì gbé láàárín ariwo ọmọdé kò lè gba irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Mo wọ ẹ̀wù òtútù tí ó rà fún mi, mo mú ọ̀pá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè tí ó wà ní etí òkun lójoojúmọ́.

Òkè náà kò dà bí àwọn àpáta dúdú tí ó yí Òkè-Ògùn ká. Funfun báláú ni. Pápá oko tútù ni orí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí o bá rìn dé ìpẹ̀kun pápá náà, ilẹ̀ tán lójijì, bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé e, òkun sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní ibi tí ó ga jù, ó ga tó 110 mítà. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá òkun kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni ó kóra jọ sí ìsàlẹ̀ òkun fún àìmọye ọdún, tí ó sì di òkè yìí. Irú òkúta yìí kan náà ni wọ́n ń gé láyé àtijọ́ láti fi ṣe ṣọ́ọ̀kì tí olùkọ́ fi ń kọ̀wé sára pátákó. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi jẹ eruku ṣọ́ọ̀kì, orí ìyá ṣọ́ọ̀kì ni mo wá ń rìn kiri ní ọjọ́ ogbó.

Láti orí òkè náà, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ènìyàn lè rí ilẹ̀ Faransé, nítorí òkun tí ó wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì kò ju nǹkan bí 33 kìlómítà lọ ní ibi tí ó tóóró jù. Ọ̀nà tóóró yìí wà lára àwọn ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kọjá jù lọ ní gbogbo ayé. Àwọn ọkọ̀ ajé tí ń gba ibẹ̀ kọjá ju 400 lọ lójúmọ́. Kí wọ́n má baà máa kọlu ara wọn, a ti pín ọ̀nà fún wọn láti ọdún 1967, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pín títì sí ti àlọ àti ti àbọ̀. Àwọn tí wọ́n ń lọ sí ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí wọ́n ń padà bọ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọkọ̀ tí ń kó èrò àti mọ́tò lọ sí Calais a sì máa gba àárín wọn sọdá. Ẹ̀rù a máa bà mí nígbà tí mo bá ń wò wọ́n, bí ìgbà tí mo bá ń wo ọmọdé tí ó fẹ́ sọdá títì márosẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé bàbá arúgbó Gẹ̀ẹ́sì kan. Ó ti pé ẹni ọdún 78. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń bá a lórí ìjókòó pákó kan tí ó kọjú sí òkun, tí ó gbé awò olójú méjì tí a fi ń wo ohun tí ó jìnnà kọ́ ọrùn, tí ìwé kékeré kan sì wà lórí eékún rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi kí ara wa lásán. Ní ọjọ́ kẹrin, ó bi mí pé níbo ni mo ti wá. Nígbà tí mo ní Nàìjíríà, ojú rẹ̀ tàn, ó ní òun ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ òkun nígbà èwe òun, àti pé òun ti gúnlẹ̀ sí Àpápá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó sún fún mi lórí ìjókòó náà. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti di ọ̀rẹ́.

Ó fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó ti ń kọ ọ́, gbogbo ìgbà ìwọ́wé, láìfo ọdún kan. Ní òkè ojú ewé, yóò kọ ọjọ́, wákàtí, àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ní apá òsì, yóò kọ àwọn ẹyẹ tí ó rí àti iye wọn. Ní apá ọ̀tún, yóò kọ àwọn ọkọ̀. Ó kọ́ mi bí a ti ń dá ọkọ̀ epo mọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí ń kó kọ̀ntéénà. Ó fi ẹyẹ òkun ńlá kan hàn mí tí wọ́n ń pè ní gannet, funfun tí ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, tí ó máa ń ká ìyẹ́ rẹ̀ kò tí ó sì máa ń já láti òkè sínú omi bí ọ̀kọ̀ láti mú ẹja. Ìgbà mìíràn, yóò wo ẹ̀rọ alágbèéká rẹ̀ tí ń sọ orúkọ ọkọ̀ àti ibi tí ó ń lọ, yóò sì wí fún mi pé, “Ẹ wo èyí o. Ó ti Antwerp wá; ìlú yín, Èkó, ni ó ń lọ.” Èmi a sì dìde dúró, n ó máa fi ojú sin ọkọ̀ náà títí yóò fi di ohun kékeré, títí yóò fi wọ inú kùrukùru.

Ohun kan ṣe mí ní kàyéfì nínú ìwé náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, níbi tí ó yẹ kí orúkọ ẹyẹ wà, àmì ìbéèrè nìkan ni mo rí. Mo bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé n kò mọ ohun tí mo rí.” Mo wo ojú rẹ̀, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kan tí ó ti pọ́n, ó fi hàn mí bí òun ti kọ àmì ìbéèrè síbẹ̀, tí òun sì padà wá fi yíǹkì mìíràn kọ orúkọ ẹyẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, “Àmì ìbéèrè kì í jẹun, kì í sì í mu omi. Kí ni ó dé tí a kò fi ní jẹ́ kí ó jókòó títí ìdáhùn yóò fi dé?”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ láti àríwá. Mo dé orí òkè náà, mo bá wáyà ọgbà tí ó yí pápá ká, tí ẹyẹ tò lé e lórí bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n tò sórí ìlà. Wọ́n ń pariwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Díẹ̀ a fò sókè, wọn a yí ká, wọn a sì padà bà. Bàbá náà bọ́ awò rẹ̀ lọ́rùn, ó gbé e fún mi. Mo gbé e sójú. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni. Ọ̀fun rẹ̀ pupa bí osùn. Nísàlẹ̀ ọ̀fun náà, ọ̀já dúdú kan gba àyà rẹ̀ kọjá láti ìhín dé ọ̀hún.

Ọ̀já náà kò já.

Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo wo èkejì, mo wo ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Mo bi bàbá náà pé, “Ibo ni àwọn wọ̀nyí ń lọ?” Ó ní, “Ilẹ̀ yín ni. Òtútù ti ń pa àwọn kòkòrò tí wọ́n ń jẹ.” Mo ní, “Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa, ibo ni wọ́n ń kọ́lé sí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Wọn kì í kọ́lé lọ́dọ̀ yín rárá. Ìhín ni wọ́n ń kọ́lé sí, nínú àká àti ilé ẹran àwọn àgbẹ̀ wa, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń padà sí ibi tí wọ́n ti yé ẹyin ní èṣí. Lọ́dọ̀ yín, àlejò ni wọ́n.”

Mo jókòó. Mo tún gbọ́ ohùn ọmọdékùnrin kan tí ó káwọ́ sẹ́yìn, tí ó ń wí pé, “Wọ́n kàn ń wá, wọ́n sì ń lọ ni. Sà, níbo ni àwọn yẹn ń yé ẹyin sí?”

Jẹ́ kí n sọ fún ọ, òǹkàwé mi, bí ìbéèrè náà ti tóbi tó, nítorí pé ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá kàwé nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi bi ara wọn ní ìdajì ìbéèrè yìí: ibo ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń lọ nígbà òtútù? Àwọn kan gbà gbọ́ pé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni ó ń sùn sí. Gilbert White, àlùfáà kan ní abúlé Selborne, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ọjọ́ tí ó rí wọn àti ọjọ́ tí wọ́n lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kíláàsì mi ti ṣe. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1789, àwọn ènìyàn sì ń kà á títí di òní. Síbẹ̀ òun pàápàá kò lè bọ́ pátápátá lọ́wọ́ èrò pé àwọn kan nínú wọn ń fara pamọ́ sùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1911, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Masefield fi òrùka kékeré sí ẹsẹ̀ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ní Cheadle, ní agbègbè Staffordshire, ó sì jẹ́ kí ó fò lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1912, a rí òrùka náà ní ẹsẹ̀ ẹyẹ náà ní ilé àgbẹ̀ kan ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Òrùka kékeré náà ni ó fìdí òtítọ́ múlẹ̀.

Ìrìn náà tó nǹkan bí 10,000 kìlómítà. Ẹyẹ tí ń rìn ín kò wọ̀n ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, ìyẹn ni ìwọ̀n tákàdá ìkọ̀wé mẹ́rin. Ó ń sọdá òkun, ó ń sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà. Àwọn kan láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Yúróòpù kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀; ilẹ̀ wa Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbé ìgbà òtútù wọn. Ní Ebbaken-Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, inú eèsún orí òkè ni wọ́n máa ń rọ́ lọ sùn sí ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa ẹyẹ sì ti ṣírò wọn ju mílíọ̀nù kan lọ.

Nínú ìlú kékeré tí kò ní ilé ìkàwé, láìní awò, láìní olùkọ́ tí ó fọ̀nà hàn án, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ti fi ojú lásán àti pẹ́ńsù mọ ìyàtọ̀ àlejò sí onílé, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà ìdáhùn. Ohun tí ó kù kò ju kí ẹnìkan bá a ṣí ìlẹ̀kùn lọ. Èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ náà lù ú. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ti fi òwe yìí kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n apá kejì rẹ̀ nìkan ni mo gbà gbọ́.

Mo rò ó fún bàbá náà láìfi ohunkóhun pamọ́. Mo retí pé yóò wí pé, “Kò burú, ó ti pẹ́.” Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó wo òkun títí, lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Ọmọ náà dà?”

Mo tún wí pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, mo fi kún un pé, “N ó wá a.”

Nígbà tí ó kù ọ̀la kí n padà sílé, bàbá náà mú ìwé tuntun kan tí ó ní èèpo líle wá fún mi. Ní ìlà àkọ́kọ́ ojú ewé àkọ́kọ́, ó ti kọ ọjọ́ tí ó rí ọ̀wọ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ó kẹ́yìn tí ó fi Dover sílẹ̀ ní ọdún náà, iye wọn, àti pé gúúsù ni wọ́n kọjú sí. Ó fi ìlà kejì sílẹ̀ lófo. Ó ní, “Ẹ gbé e fún un. Ìlà kejì, tirẹ̀ ni.”

Oṣù kejìlá ni mo padà dé. Kò ṣòro láti rí ọmọ náà. Ó ti di bíríkìlà, ó sì lókìkí ní ìlú náà. Orí iṣẹ́ ni mo bá a, sìmẹ́ǹtì ti bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí ó ti rí mi, ó sáré dọ̀bálẹ̀ lórí yanrìn, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, sà.” Mo ní kí ó dìde. Lẹ́yìn náà, mo ṣí fìlà lórí, níwájú àwọn lébìrà rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré tí ó gbé oúnjẹ wá fún un, mo sì sọ ohun tí mo ṣe sí i ní ọdún 1998. Mo sọ pé òun ni ó gba ìbéèrè náà, èmi ni mo gbà á kù. Mo sọ ibi tí àwọn ẹyẹ náà ń yé ẹyin sí. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ dákun, ẹ dé fìlà yín, sà.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Wọ́n pè mí ní Kò-Kọ́lé, sà, ilé mẹ́tàdínlógún ni mo sì ti kọ́ ní ìlú yìí.” Èmi náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Mo bi í bí àwọn ẹyẹ náà ṣì ń wá. Ó gbójú sókè wo wáyà iná tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, “Wọ́n ń wá, sà. Ṣùgbọ́n n kò kà wọ́n mọ́.”

Gbólóhùn yìí dùn mí ju bí ẹni tí ó bú mi lọ. Ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ìdáríjì kò lè mú ojú ewé mẹ́fà jáde láti inú ààtàn. Láti 1999 títí di 2023, ọdọọdún ni àwọn ẹyẹ náà ń dé, wọ́n sì ń lọ. Kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ wọn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè kọ ọ́ mọ́. Mo gbé ìwé bàbá náà fún un. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò kí ó tó gbà á, ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó pa á dé, kò sì sọ ohunkóhun. Ó fi í sínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, bí mo ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin bíríkìlà náà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Bàbá mi ní kí n sọ fún yín pé wọ́n ti dé. Mọ́kànlá ni wọ́n. Èmi ni mo kọ ọ́.”

Òǹkàwé mi, n kò lè sọ pé àwọn ẹyẹ tí ó kúrò ní orí òkè funfun yẹn ni ó bà sórí wáyà wa, kò sì di dandan kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ sílẹ̀ fún ọ. Bí o bá rí ohun kan tí ó yà ọ́ lẹ́nu, ìbáà ṣe ẹyẹ lójú ọ̀run tàbí èèrà lẹ́sẹ̀ ògiri, wò ó dáadáa, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀ a máa bá ọdún lọ. Bí o kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, fi àmì ìbéèrè síbẹ̀ láìtijú, kí o sì dúró dè é. Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí ìwọ náà di olùkọ́, tàbí òbí, tàbí ọ̀gá, tí ọmọ kékeré kan sì bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, rántí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òkè-Ògùn. Sọ pé, “N kò mọ̀.” Ẹnu kì í bó nítorí rẹ̀. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ó lu abéèrè ni ó ń ṣìnà, ó sì lè tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí ó tó rí ọ̀nà padà.